Akọ Fẹ́rẹ́ẹ̀tì Ńlá Nídìí Ọdẹ Ehoro: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ọ̀rọ̀ fẹ́rẹ́ẹ̀tì àti ehoro ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo fẹ́ sọ níbí, pàápàá ti akọ tó tóbi, tó ki, tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ inú iṣẹ́ yìí máa ń kọ́kọ́ fẹ́ rà. Mo kọ ọ́ fún ọmọ Yorùbá tó ń gbé ìgbèríko lọ́hùn-ún, àti fún ẹni tó kàn fẹ́ mọ bí ọdẹ ibòmíràn ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ti gbẹ́lẹ̀ tọ òkété lọ rí yóò tètè lóye rẹ̀.

Irú ẹranko wo ni fẹ́rẹ́ẹ̀tì?

Ẹran ọ̀sìn tó ń jẹ ẹran ni. Ara rẹ̀ gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, ibi tí orí rẹ̀ bá sì ti wọ̀, ara rẹ̀ yóò wọ̀ ọ́. Ìran polecat ni wọ́n gbà pé ó jẹ́, ìyẹn ẹranko igbó kan ní Yúróòpù. Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Strabo, òǹkọ̀wé ará Gíríìkì tó gbé ayé ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn, sọ nípa ẹranko kan tí àwọn ará Spéènì ń kó wá láti Líbíà, tí wọ́n ń dì lẹ́nu, tí wọ́n sì ń rán wọ ihò lọ lé ehoro. Pliny ará Róòmù náà sọ pé ehoro jẹ oko àwọn ará erékùṣù Balearic nítòsí Spéènì run débi pé wọ́n bẹ Augustus, olú-ọba Róòmù, kó fi ọmọ ogun ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ní Britain, ẹ̀yìn tí àwọn Norman láti ilẹ̀ Faransé gba ilẹ̀ náà ní 1066 ni ehoro tó fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Ẹran olówó iyebíye ni nígbà náà, àwọn olúwa ilẹ̀ àti àwọn ilé ìjọsìn ló ń sìn ín, wọ́n sì ní olùṣọ́ tó ń fi fẹ́rẹ́ẹ̀tì àti àwọ̀n mú un. Ilé àwọn olùṣọ́ bẹ́ẹ̀ kan ṣì wà ní ìdúró nínú igbó Thetford ní Norfolk. Nǹkan bí 1400 ni wọ́n kọ́ ọ. Ní 1390, lábẹ́ Ọba Richard Kejì, wọ́n ṣòfin pé ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kò bá mú 40 ṣílè wọlé lọ́dún kò gbọdọ̀ ní fẹ́rẹ́ẹ̀tì tàbí àwọ̀n. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ehoro kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní.

Báwo ni akọ ṣe ń tóbi tó?

Abo, tí àwọn ọlọ́dẹ ń pè ní jill, sábà máa ń wọn gíráàmù 600 sí kílò kan. Akọ, tí wọ́n ń pè ní hob, lè tó ìlọ́po méjì rẹ̀: kílò kan sí kílò méjì. Àwọn kan máa ń ju kílò méjì lọ, orí wọn á fẹ̀, ọrùn wọn á ki. Àwọn yìí ni wọ́n ń pè ní akọ ńlá.

Ẹ má ṣe fi ìwọ̀n tí ẹ gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo dá a lẹ́jọ́. Fẹ́rẹ́ẹ̀tì máa ń sanra bí òtútù bá ti ń bọ̀, ó sì máa ń fọn bí ìgbà gígùn, ìyẹn ìgbà tí akọ ń gun abo, bá dé. Ìyàtọ̀ náà lè tó ìdá mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀. Ẹni tó ra akọ ní October tó sì rí i pé ó ti rù ní April lè rò pé àìsàn ló ń ṣe é. Ẹ fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀: bí ẹran bá bo egungun, tí irun rẹ̀ ń dán, ara rẹ̀ dá.

Ṣé akọ ńlá ló dára jù fún lílé ehoro jáde?

Rárá o. Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé dáadáa.

A kì í rán fẹ́rẹ́ẹ̀tì wọ ihò kó lọ pa ehoro. Ohun tí a fẹ́ ni kí ehoro gbọ́ òórùn rẹ̀, kí ó sá jáde, kí ó kó sínú àwọ̀n tí a ti ta sí ojú ihò. Àwa tó wà lókè la máa pa á, kíá, láìjẹ́ kó jìyà. Fẹ́rẹ́ẹ̀tì tó ń ṣe dáadáa ni èyí tó ń rìn kiri, tó ń yọjú, tó tún ń wọlé, tí kì í fi ìjà pẹ́ níbì kan.

Akọ ńlá máa ń bá èyí jà ní ọ̀nà méjì. Àkọ́kọ́, àwọ̀n. Bí abo kékeré bá jáde, yóò gba ojú àwọ̀n kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Akọ ńlá yóò ti orí bọ̀ ọ́, èjìká rẹ̀ yóò há, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí, àwọ̀n yóò sì kúrò níbi tí ẹ fi í sí. Bí ehoro bá tú jáde lẹ́yìn rẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn, ẹ ti pàdánù rẹ̀. Èkejì ni agbára. Ehoro tí wọ́n bá há mọ́ ìparí ihò máa ń kẹ́yìn sí fẹ́rẹ́ẹ̀tì, á fún ara rẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Abo kékeré yóò họ ọ́ nídìí, kò ní rí ọrùn rẹ̀ mú, ó lè rẹ̀ ẹ́ kó fi í sílẹ̀ wá òmíràn. Akọ ńlá yóò ti ara rẹ̀ wọlé tipátipá, yóò dé ọrùn, yóò pa á, yóò jẹ nínú rẹ̀, yóò sì sùn tì í. Ẹ̀yin tó wà lókè á wá máa wo ojú ihò títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Nítorí náà, ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, tó sì fẹ́ fi àwọ̀n ṣiṣẹ́, kó ra abo méjì tàbí akọ tí kò tóbi. Akọ ńlá ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Iṣẹ́ wo wá ni tirẹ̀?

Iṣẹ́ okùn. Kí ẹ̀rọ ìtọpa tó dé, kò sí ọlọ́dẹ gidi tí kò ní akọ kan tó ń dá gbé nínú àgò tirẹ̀ fún iṣẹ́ yìí nìkan.

Bí ó ṣe ń lọ nìyí. Abo tí a tú sílẹ̀ wọ ihò, ó pa ehoro lábẹ́ ilẹ̀, kò jáde mọ́. Ọlọ́dẹ yóò wá ṣí àpótí, yóò mú akọ náà jáde, yóò fi ìgbànú aláwọ kékeré sí i lọ́rùn, yóò so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó le mọ́ ọn. Okùn náà ní kókó ní yáàdì kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó dì í mú lè máa kà á bí ó ṣe ń wọlé. Wọn yóò rán akọ gba ihò tí abo gbà. Okùn yóò máa yọ́ lọ láàárín ìka: ó lọ, ó dúró, ó tún lọ. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ abo, akọ yóò lé e kúrò lórí ehoro nítorí pé ó lágbára jù ú lọ. Abo yóò sá jáde. Akọ yóò dúró ti ẹran náà, okùn yóò sì dákẹ́.

Ìgbà yìí ni wọn yóò fi ọ̀pá irin gún ilẹ̀ láti wá ọ̀nà ihò, wọn yóò sì gbẹ́ tẹ̀lé okùn, ṣọ́bìrì lókè, ọwọ́ lásán nísàlẹ̀, títí wọn yóò fi kan irun akọ. Ẹranko tí wọ́n ń fẹ́ fún èyí kì í ṣe èyí tó ń sá síwá sẹ́yìn. Akọ tó ń padà lójú ọ̀nà yóò lọ́ okùn mọ́ gbòǹgbò igi, yóò sì há. Ìdí nìyí tí wọn kì í fẹ́ lo okùn lábẹ́ igi ńlá tàbí láàárín òkúta. Akọ tó tóbi, tó le, tó sì dúró ṣinṣin ni wọ́n ń wá, bí wọ́n bá rí i, wọn kì í tà á.

Ṣé wọ́n ṣì ń lo okùn lóde òní?

Díẹ̀ ni. Kọ́là tó ní ẹ̀rọ kékeré nínú ló gbapò rẹ̀. Kọ́là náà ń fọhùn lábẹ́ ilẹ̀, ẹ̀rọ ọwọ́ ń gbọ́ ọ lókè, ibi tí ìró rẹ̀ bá ti le jù ni ẹranko wà. Àwọn ti àtijọ́ ń gbọ́ dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 8, àwọn ti ìsinsìnyí ń gbọ́ dé 16. Gbogbo fẹ́rẹ́ẹ̀tì tó bá ń wọ ihò ló yẹ kó ní i lọ́rùn, akọ tàbí abo, kékeré tàbí ńlá. Èmi kì í bá ẹni tó bá ń rán ẹranko rẹ̀ wọlẹ̀ láìsí kọ́là jáde. Ẹ dán bátìrì wò ní ilé, ẹ tún dán an wò létí ihò.

Akọ ńlá ṣì wúlò pẹ̀lú kọ́là. Ní ilẹ̀ yanrìn tí ihò ti fẹ̀, tàbí níbi tí àgbẹ̀ ti fẹ́ kí ehoro tán pátápátá láìka àkókò tí yóò gbà sí, ọlọ́dẹ lè jẹ́ kí akọ há ehoro mọ́ ìparí ihò, kó gbẹ́lẹ̀ débẹ̀, kó mú un. Iṣẹ́ alágbára ni, ẹ̀yìn yóò sì dun ni.

Ohun èlò wo ni mo nílò?

Àwọ̀n kékeré fún ojú ihò kọ̀ọ̀kan, èyí tó ní okùn tó ń fún ẹnu rẹ̀ pọ̀ bí ehoro bá kó sí i, pẹ̀lú èèkàn rẹ̀. Ẹ kó ju iye ihò tí ẹ rò lọ, nítorí ihò kan máa ń fara pamọ́ sábẹ́ ẹ̀gún. Kọ́là àti ẹ̀rọ rẹ̀, ṣọ́bìrì tó ní ẹnu tóóró, ọ̀bẹ, omi fún ẹranko, àti àpótí onígi tó ní ihò afẹ́fẹ́ àti koríko gbígbẹ nínú. Àpò aṣọ kò dára fún gbígbé e kiri, ènìyàn lè jókòó lé e.

Ìgbà wo la ń jáde?

October sí March. Kí October tó dé, ewéko ṣì bo ojú ihò. Bí March bá ń lọ, ọmọ ehoro ti pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Fẹ́rẹ́ẹ̀tì yóò pa wọ́n, yóò jókòó tì wọ́n, ẹ ó sì ti ba ọdẹ ọdún tó ń bọ̀ jẹ́. Òwúrọ̀ tó tutù, tí kò sí ẹ̀fúùfù púpọ̀, tí ilẹ̀ gbẹ, ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ rìn jẹ́ẹ́jẹ́, ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ kọ́kọ́ ta àwọ̀n tán kí ẹ tó ṣí àpótí.

Ṣé kí n fi ebi pa á kó lè ṣiṣẹ́?

Ẹ má dán an wò. Ọdẹ wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe ebi ló ń lé e wọ ihò. Ẹranko tí ebi ń pa yóò jẹ ehoro tó bá kọ́kọ́ mú, yóò sì sùn síbẹ̀. Láàárín wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin ni oúnjẹ ń gba inú fẹ́rẹ́ẹ̀tì kọjá, nítorí náà ebi ìdajì ọjọ́ jẹ́ ìyà gidi fún un. Ẹ fún un ní díẹ̀ ní òwúrọ̀, ẹ fún un ní púpọ̀ bí ẹ bá dé.

Kí ló ń jẹ?

Ẹran, egungun, àti ìfun pẹ̀lú irun. Ehoro tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, òròmọdìyẹ ọlọ́jọ́ kan tí wọ́n ń tà nínú yìnyín, ẹyin lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí oúnjẹ gbígbẹ tí wọ́n dìídì ṣe fún fẹ́rẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe ti ajá. Àwọn àgbà ọlọ́dẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń fún un ní búrẹ́dì tí wọ́n rì sínú wàrà. Ohun tó mú kí ọ̀pọ̀ fẹ́rẹ́ẹ̀tì máa ṣu omi, kí wọ́n rù, kí wọ́n sì kú láìtọ́jọ́ nìyẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹran jíjẹrà wà nínú àgò. Ó máa ń kó oúnjẹ pamọ́ sí igun ibùsùn rẹ̀, ẹ máa wá a lójoojúmọ́.

Ilé wo ló dára fún un?

Àgò onígi tó ga kúrò nílẹ̀, tí òjò kò lè rọ̀ sí, tí afẹ́fẹ́ ń gbà, pẹ̀lú yàrá òkùnkùn tí koríko gbígbẹ kún. Òtútù kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀ bí ibùsùn rẹ̀ bá gbẹ. Oòrùn ló ń pa á. Fẹ́rẹ́ẹ̀tì kò lè làágùn láti tu ara rẹ̀ lára, bí ooru bá sì ti ń sún mọ́ 30°C, ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Akọ ńlá tó sanra ló ń kọ́kọ́ ṣubú. Bí ẹ bá bá a tó nà gbalaja, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ gbé e sí ibòòji, ẹ fi omi tó tutù díẹ̀ rẹ ẹsẹ̀ àti ikùn rẹ̀, ẹ pe dókítà ẹranko. Ẹ má jù ú sínú omi yìnyín.

Ibi kan náà ló máa ń ṣu sí, igun kan nínú àgò. Bí ẹ bá ń kó o lójoojúmọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹrà. Ẹ yẹ àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Èèpá àti ìwú níbẹ̀ máa ń jẹ́ kòkòrò ara.

Kí ló dé tí akọ ń rùn tó bẹ́ẹ̀, tó sì ń jà?

Láti nǹkan bí March títí dé September, kórópọ̀n rẹ̀ yóò sọ̀ kalẹ̀, ara rẹ̀ yóò máa yọ epo, irun abẹ́ ikùn rẹ̀ yóò pọ́n, yóò máa tọ̀ sí ara rẹ̀. Òórùn náà le. Wíwẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ìgbà kò wúlò, ńṣe ni awọ ara á túbọ̀ máa yọ epo. Akọ méjì tó sùn pọ̀ láìsí ìjà ní ìgbà òtútù lè ya ara wọn lọ́rùn ní ìgbà yìí. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ẹ tó rí ẹ̀jẹ̀.

Bí ẹ kò bá fẹ́ mú un bímọ, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa títẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Akọ tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá lè bá àwọn yòókù gbé, òórùn rẹ̀ á dínkù, á sì ṣì máa ṣọdẹ. Iṣẹ́ abẹ yìí ní ìbátan pẹ̀lú àrùn ẹṣẹ́ orí kíndìnrín bí ó bá dàgbà, nítorí náà àwọn dókítà kan fẹ́ràn oògùn tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ, deslorelin, tó ń pa ìfẹ́ gígùn rẹ̀ fún ìgbà kan. Tí wọ́n bá ní èyí, èmi yóò kọ́kọ́ béèrè fún un.

Mo gbọ́ pé abo lè kú bí kò bá rí akọ. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ pọ́ńbélé ni, ìdí kejì nìyí tí akọ fi níyì lágbo yìí. Gígùn ló ń mú kí ẹyin abo sọ̀. Bí akọ kò bá gùn ún, ara rẹ̀ yóò máa béèrè akọ fún oṣù bíi mélòó kan, omi ara tó ń mú un ṣe bẹ́ẹ̀ sì lè ba mùdùnmúdùn egungun rẹ̀ jẹ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò ní lè ṣe ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́. Ètè rẹ̀ yóò funfun, yóò rẹ̀ ẹ́, ó sì lè kú.

Dókítà lè fún abo ní abẹ́rẹ́ tó ń dá a dúró. Ọ̀nà mìíràn ni akọ tí wọ́n gé okùn àtọ̀ rẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kò yọ kórópọ̀n rẹ̀. Yóò gun abo, ara abo yóò balẹ̀, kò sì ní sí ọmọ. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kí àtọ̀ tó kù lára rẹ̀ tán. Ẹ má jẹ́ kí ó bá abo tí ara rẹ̀ kò dá lò, torí àrùn ń kóra ràn wọ́n. Gígùn fẹ́rẹ́ẹ̀tì máa ń le: akọ yóò fi eyín di abo mú lẹ́yìn ọrùn, yóò wọ́ ọ kiri, ó sì lè pẹ́ ju wákàtí kan lọ. Ẹni tí kò rí i rí yóò rò pé ó ń pa á ni. Bí ó bá jẹ́ akọ tó pé ni, lẹ́yìn ọjọ́ 42 ni abo yóò bímọ.

Ó ń gé mi jẹ. Kí ni kí n ṣe?

Èyí tí wọ́n fọwọ́ kàn láti kékeré kì í sábà gé ènìyàn jẹ, akọ ńlá sì sábà máa ń ní sùúrù ju abo lọ bí kì í bá ṣe ìgbà gígùn. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n nà án wò. Ẹ fi ọwọ́ gba èjìká rẹ̀ láti òkè, àtàǹpàkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, ìka yòókù lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, kí ẹ fi ọwọ́ kejì gbé ìdí rẹ̀. Akọ ńlá wúwo, kò fẹ́ kí ìdí rẹ̀ máa fì. Bí ó bá ti já yín jẹ, ẹ má fa ọwọ́ yọ, ẹran ọwọ́ ni yóò ya. Ẹ ti ọwọ́ síwájú díẹ̀, yóò là á.

Ṣé kí n dì í lẹ́nu kó má baà pa ehoro lábẹ́ ilẹ̀?

Rárá. Láyé àtijọ́, àwọn kan ń rán ètè rẹ̀ pọ̀, àwọn kan ń fọ́ eyín rẹ̀. Ìkà ni. Ìdìpọ̀ ẹnu pàápàá léwu: eku ńlá ń gbé ihò ehoro nígbà mìíràn, fẹ́rẹ́ẹ̀tì tí a dì lẹ́nu kò ní ohun tó lè fi gba ara rẹ̀. Bí ó bá sì sọnù pẹ̀lú ìdè lẹ́nu, ebi ni yóò pa á.

Àrùn wo ló yẹ kí n máa ṣọ́?

Distemper, àrùn ajá, fẹ́rẹ̀ẹ́ má dá fẹ́rẹ́ẹ̀tì kan sí. Ẹ béèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà. Ọ̀fìnkìn líle tó ń ṣe ènìyàn, tí wọ́n ń pè ní flu, náà ń ràn án. Bí ara yín bá ń gbóná, kí ẹlòmíràn bọ́ ọ. Àrùn ehoro tó ń mú ojú wú, myxomatosis, dé Britain ní 1953, ó sì pa ehoro tó pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ran fẹ́rẹ́ẹ̀tì tàbí ènìyàn.

Kí ni òfin wí?

Ní England, ẹ gba àyè lọ́wọ́ onílẹ̀ tàbí ẹni tó ń dá oko náà, ní kíkọ sílẹ̀ fún ààbò yín. Òfin 1880 kan fún ẹni tó ń lo ilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti mú ehoro orí rẹ̀, òfin 1954 sì lè mú kí onílẹ̀ dín ehoro kù. Òfin ìtọ́jú ẹranko ti 2006 ní kí ẹ pèsè oúnjẹ, ilé àti ìtọ́jú fún fẹ́rẹ́ẹ̀tì yín. Bí ẹ bá gbẹ́lẹ̀, ẹ dí i padà, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Màlúù tó bá ki ẹsẹ̀ bọ ihò yín yóò kán an, àgbẹ̀ náà kò sì ní jẹ́ kí ẹ wọlé mọ́.

Ṣé mo lè mú un lọ sílé, fi dẹ òkété àti ọ̀yà?

Mi ò ní gbà yín níyànjú. Ooru wa yóò pa á. Bí kò bá sì pa á, ìyẹn gan-an ni ìṣòro: New Zealand kó fẹ́rẹ́ẹ̀tì wọlé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún láti lé ehoro, wọ́n sá wọ igbó, wọ́n ń pa kiwi àti àwọn ẹyẹ mìíràn títí di òní. Ní 2002, ìjọba ibẹ̀ fòfin de títà wọn àti mímú wọn bímọ.

Ilẹ̀ ń ṣú, akọ mi kò jáde. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ wá a. Bí ìró bá dúró sójú kan, ẹ gbẹ́lẹ̀. Ó ti pa nǹkan. Bí ìró bá ń rìn, ẹ ní sùúrù, ẹ gbé ikùn ehoro tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú sí ojú ihò tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọ̀. Bí bátìrì bá ti kú, ẹ dí gbogbo ihò àyàfi ọ̀kan, ẹ gbé àpótí rẹ̀ sí ẹnu ìyẹn, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí, pẹ̀lú koríko ibùsùn tó ti ń sùn lé àti ẹran díẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kí ojúmọ́ tó mọ́ ni kí ẹ padà dé, torí bí oòrùn bá ti yọ, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí ilé àwọn aládùúgbò, ibi tí adìyẹ wà. Ẹ sọ fún àgbẹ̀ náà kí ẹ tó kúrò níbẹ̀ lálẹ́, kí ó má baà yìnbọn fún un.